Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Aláìsàn Dín Oògùn Rẹ̀ Kù Nítorí Owó?

  

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin mi nínú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù wa, nígbà tí a fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, arábìnrin kan dìde. Ó ní dókítà kọ oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ fún bàbá òun, pé kí ó máa lo hóró kan ní alaalẹ́. Láti ìgbà tí oògùn ti gbówó lórí, bàbá náà ń fi abẹ́ gé hóró sí méjì, ó sì máa ń fo àwọn ọjọ́ mìíràn pátápátá. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn bàbá òun?

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Arákùnrin kan ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, pé ẹni tí ó bá gbára lé Ọlọ́hun, Ọlọ́hun tó o. Òmíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, nítorí pé ẹsẹ 195 nínú Súrà Al-Baqarah kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Wọ́n jiyàn títí àkókò ìrun Àílà fi wọlé. Arábìnrin náà jókòó, ó káwọ́ gbera. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta oògùn náà, tàbí iye ọmọ tí bàbá náà bí.

Èmi pẹ̀lú kò sọ̀rọ̀. Ohun tí ó pa mí lẹ́nu mọ́ ni mo fẹ́ kọ sí ojú ewé yìí.

Màámi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 2022 àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Dókítà fi oògùn kan tí ń jẹ́ atorvastatin kún èyí tí wọ́n ń lò, hóró kan lójúmọ́. Èmi ni mo ń rà á. Bí oṣù bá parí mo máa ń béèrè pé, “Màámi, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?” Wọn a ní, “Mò ń lò ó, Àkànní. Ọlọ́hun á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ.” Màá ṣe àmín, màá bá tèmi lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 a padà lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀rá náà kò fẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Dókítà wo ìwé, ó wo Màámi, ó béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn náà lójoojúmọ́. Màámi ní àwọn ń lò ó. Kí ni dókítà ì bá ṣe? Ó sọ oògùn náà di ìlọ́po méjì. Owó tí mò ń ná sì lọ sókè láti ọjọ́ náà.

Inú àwẹ̀ ọdún yẹn ni àṣírí tú. Màámi ní kí n bá àwọn mú tẹ̀súbáà inú àpótí. Abẹ́ aṣọ ni mo ti rí agolo mílíìkì kan. Mo gbọ̀n ọ́n, ó ń dún. Oògùn ni ó kún inú rẹ̀, àwọn káàdì tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ àti àwọn hóró tí ó dá wà. Mo jókòó sórí ẹní, mo kà wọ́n. Ó ju ti oṣù méjì lọ.

N kò lè gbàgbé ohun tí Màámi sọ. “Àkànní, mo mọ iye tí o ń gbà lóṣù. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ ń bẹ níbẹ̀, owó ilé ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ kan á wà tí kò ní sí owó oògùn lọ́wọ́ rẹ. N ò fẹ́ kí ó dà bíi pé o ṣẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mò ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́ ni.”

Ẹ̀yin ará, nígbà tí arákùnrin wa yẹn ń ka ẹsẹ 195, agolo mílíìkì yẹn ni mo ń rí.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí oògùn yìí ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé oògùn tí kò bá lé ibà, tí kò sì pa ẹ̀fọ́rí, kò níṣẹ́ kan pàtó. Ọ̀rá tí à ń wí yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́síróòlù, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ̀dọ̀ wa ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara sì nílò rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹrẹ̀ ṣe ń dí ojú gọ́tà. Ẹni tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí kò ní mọ nǹkan kan. Yóò máa jẹun, yóò máa lọ sọ́jà, yóò máa kírun. Ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá dí, a ó gbọ́ pé ó ṣubú ní balùwẹ̀, tàbí pé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn aládùúgbò á sì ní ayé ni ó ṣe é.

Ará Japan kan tí ń jẹ́ Akira Endo ni ó kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí, ní ọdún 1973. Ó yẹ irú ohun tí ń hù sórí oúnjẹ tí ó ti pẹ́ wò, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, kí ó tó rí èyí tí ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe ọ̀rá náà ní àṣejù. Èyí tí ó wá ṣiṣẹ́ fún un, orí ìrẹsì ni ó ti hù. Ní ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta àkọ́kọ́ nínú irú oògùn náà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà gan-an ṣì ń ṣiyèméjì: ọ̀rá ń wálẹ̀ o, ṣé ẹ̀mí èèyàn sì ń gùn sí i? Nítorí èyí, àwọn dókítà orílẹ̀-èdè márùn-ún ní àríwá Yúróòpù kó àwọn aláìsàn ọkàn 4,444 jọ. Wọ́n fún 2,221 ní oògùn tí ń jẹ́ simvastatin. Wọ́n fún 2,223 yòókù ní hóró tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1994. Àwọn tí ó kú nínú àwọn tí kò rí oògùn lò jẹ́ 256. Àwọn tí ó kú nínú àwọn tí ó rí i lò jẹ́ 182.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbi iye yẹn. Àwọn tí ó lo oògùn náà kú. Oògùn kò lé ikú lọ, àsìkò tí Ọlọ́hun bá dá fún ẹ̀dá kò sì ṣeé yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye méjèèjì jẹ́ 74, mo sì fẹ́ kí á ro ti àwọn 74 wọ̀nyẹn. Wọ́n padà sílé, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn jó. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó lè nà ọwọ́ pé, “Èmi ni oògùn náà gbà.” Ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀ tí ó lo oògùn tí ó sì dìde, ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tí oògùn ọ̀rá bá gbà kò lè mọ̀ láéláé. Ibi tí ìdẹwò wà nìyí. Bí o bá fo ọjọ́ kan, ara rẹ kò ní dùn ọ́. Bí o bá fo oṣù kan, ara rẹ kò ní dùn ọ́. Owó nìkan ni ojú rí, owó sì ni ó ṣẹ́kù sí àpò.

Ó yẹ kí irú èyí yé àwa Mùsùlùmí ju ẹlòmíràn lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Baqarah gan-an, àwọn tí ó gba ohun tí ó pamọ́ gbọ́ ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ yìn. N kò sọ pé oògùn àti ẹ̀sìn dọ́gba o, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ohun tí mò ń wí ni pé a ti kọ́ wa láti kékeré láti máa dìde ní òwúrọ̀ kùtù ṣe ohun tí a kò ní rí èrè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nísinsìnyí, kí ni òfin ẹ̀sìn wí? Ṣé ọ̀ranyàn ni kí aláìsàn gba ìtọ́jú? Àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ kò fẹnu kò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ó tọ́, tàbí pé ó dára, láì sọ ọ́ di dandan. Ẹ̀rí wọn ni ti obìnrin kan tí wárápá ń mú. Ó tọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá pé kí ó ṣe àdúà fún òun. Ànábì fi ohun méjì síwájú rẹ̀: bí ó bá fẹ́, kí ó ṣe sùúrù kí ó sì gba Alùjánnà, bí ó bá sì fẹ́, òun yóò bẹ Ọlọ́hun kí ó wò ó sàn. Obìnrin náà mú sùúrù. Ohun kan ṣoṣo tí ó tọrọ ni pé kí aṣọ má máa ká kúrò lára òun nígbà tí ó bá dé. Al-Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992, Ìgbìmọ̀ Fíkíìhì ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Jeddah lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fẹnu kò pé ìtọ́jú di ọ̀ranyàn bí fífi í sílẹ̀ yóò bá já sí ikú, tàbí pípàdánù ẹ̀yà ara, tàbí àbùkù tí yóò sọ èèyàn di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe, tàbí bí àrùn náà bá jẹ́ èyí tí ń ràn. Bí kò bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí fífi í sílẹ̀ yóò sọ ara di aláìlágbára, wọ́n ní ohun tí ó dára láti ṣe ni. Níbo ni oògùn ọ̀rá wá bọ́ sí? Lójú tèmi, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti gún un rí tí dókítà sì mọ̀ ọ́n sí àrùn ọkàn, súnmọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí súnmọ́ ti ìkejì. Àwọn àlùfáà wa lè tún mi ṣe níbí bí mo bá ṣì í.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Ìwòsàn wà níwájú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láti ẹnu ẹni tí àdúà rẹ̀ kò ní padà lásán. Ó mọ èyí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú sùúrù. Màámi ń kọ́? Kò sí ẹni tí ó fi ohun méjì síwájú wọn. Iye owó tí ń bẹ lápò ọmọ wọn ni ó yàn fún wọn. A máa ń yára pe irú èyí ní sùúrù, a tún máa ń pè é ní ìgbáralé Ọlọ́hun, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò ṣe sùúrù náà. Ará oko tí ó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, ìdáhùn tí ó gbà ni pé kí ó so ó ná. Nínú hádíìsì yẹn, ràkúnmí wà, okùn náà wà. Ẹni tí kò rí owó ra okùn ń kọ́? Ìbéèrè tí arábìnrin wa bi wá nìyẹn, ìyẹn sì ni a kò dáhùn.

Ìdáhùn tèmi rèé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn wá bí oògùn yóò ṣe dín ní owó. Súrà Al-Furqān, ẹsẹ 67, yin àwọn tí kì í ná ìná àpà tí wọn kì í sì í háwọ́. Kí a dín owó oògùn kù, ó dára, àní láàdá lè wà níbẹ̀. Kí a wá dín oògùn fúnra rẹ̀ kù nínú òkùnkùn, láìjẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́ sí i, nǹkan mìíràn gbáà nìyẹn. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kí a tó wo ọrùn arúgbó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọrùn àwọn ọmọ rẹ̀.

Ti dídín owó kù ná. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa kò pamọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí náírà 470 ti kọjá 1,500 kí ó tó di oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ilé-iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kó ọjà òun kúrò ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú oògùn tí à ń lò ni ó ń ti òkè òkun wá, èyí tí a sì ń ṣe nílé, òkè òkun ni ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ń tà á ní Pansẹ́kẹ́ kò lè ṣe idán.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà. Oògùn atorvastatin, Lipitor ni orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Pfizer fi ta á kiri ayé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ẹ̀tọ́ tí òfin Amẹ́ríkà fún wọn pé kí ẹlòmíràn má ṣe é parí, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbẹ̀ náà. Títí di òní, mo ń rí àwọn ọmọ tí wọn kò fẹ́ ra irú èyí fún òbí wọn nítorí pé orúkọ ńlá kò sí lára páálí rẹ̀. Wọ́n rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ra olórúkọ ńlá ní oṣù kan, wọn kò ní rí owó rà á ní oṣù méjì tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó wà nínú méjèèjì kò yàtọ̀. Bi apòògùn léèrè èyí tí kò wọ́n, wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bà jẹ́, kí o sì rà á.

Ti gígé hóró tí bàbá arábìnrin wa ń gé wá tún ní ohun tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí apòògùn ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nígbà mìíràn, hóró oní-40 kì í wọ́n tó oní-20 méjì. Ẹni tí dókítà ní kí ó máa lo 20 lè ra oní-40 kí ó máa gé e sí méjì, kí káàdì kan sì di méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Atorvastatin kò sí lára àwọn tí gígé ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, bí nifedipine tí wọ́n kọ Retard sí lára, tí wọ́n ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Ẹni tí ó bá gé ìyẹn ti tú gbogbo rẹ̀ sínú ara lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà pàápàá lè rí aláìsàn kan kí ó ní kí ó máa lo oògùn ọ̀rá ní ọjọ́ méjì-méjì, nítorí ìdí tí ó hàn sí i. Ẹ wo bí ó ti rí: abẹ́ kan náà, hóró kan náà. Bí ó bá ti ọwọ́ ìmọ̀ wá, ìṣọ́wóná ni. Bí ó bá ti ọwọ́ ìbẹ̀rù wá, ewu ni.

Ọ̀nà kan wà tí n kò ní fọwọ́ sí, ìyẹn oògùn olówó pọ́ọ́kú tí a kò mọ orírun rẹ̀, tí wọ́n ń gbé kiri nínú ọkọ̀ tàbí tí wọ́n tò sínú oòrùn. Ní ọdún 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos, àwọn òbí fún ọmọ wọn ní oògùn ibà olómi tí wọ́n ti fi kẹ́míkà olóró pò. Ní Jos nìkan, àwọn ọmọ 47 ni a mọ̀ pé ó kú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òfin dá NAFDAC sílẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, irú kẹ́míkà kan náà tún pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 80 láàrin ọdún 2008 sí 2009, inú oògùn eyín ni ó wà lọ́tẹ̀ yìí.

Nípa àwọn arákùnrin wa tí ń ta òróró habbatu-s-saodáù ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí: n kò bá wọn jà. Hádíìsì tí ó yin èso yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó wà nínú Al-Bukhari. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó bẹ Sáàdù ọmọ Abū Waqqās wò nígbà tí àyà ń dùn ún, tí ó sì ní kí ó lọ bá Al-Hārith ọmọ Kaladah, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹni tí ó bá ta òróró fún ìyá mi, kí Ọlọ́hun bù sí ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún wọn pé kí wọ́n da ti dókítà nù nítorí òróró òun, onítọ̀hún ti kúrò nínú sunnah, ó ti bọ́ sínú òwò.

Ó kù sórí àwa ọmọ. Nínú oṣù kan náà tí mo rí agolo yẹn, àwa ọmọ Màámi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń múra fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. A ti mú aṣọ ẹbí. A ti mú fìlà tí yóò bá a mu. Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, owó aṣọ tèmi nìkan ì bá ra oògùn Màámi fún oṣù mẹ́jọ. Màámi fúnra wọn mọ iye aṣọ náà, nítorí pé ọlọ́jà aṣọ ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé a ní owó yẹn. Wọ́n kàn mọ̀ pé kì í ṣe ara owó tí àwọn lè fi ojú sí ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn mí jù.

Ẹ̀gbá fẹ́ràn ìnáwó, gbogbo ayé ni ó mọ̀ wá mọ́ ọn. Bí ìyá bá kú, a ó pa màlúù. N kò ní dá sí àríyànjiyàn fìdáù nínú àpilẹ̀kọ yìí, àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ ti kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn wa láìmọye ìgbà. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní: ṣé ó ṣeé ṣe kí ìdámẹ́wàá owó màlúù náà ti jẹ́ oògùn nígbà tí ẹni náà ṣì lè gbé e mì? Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn kò ní kí òkété máa dọ́gbọ́n fi ọmú náà pamọ́ dè wá.

Arákùnrin kan bi mí bóyá òun lè ka owó oògùn bàbá òun mọ́ sàkáà òun. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ni pé rárá, nítorí pé sàkáà wà fún àwọn mẹ́jọ tí Súrà At-Taobah, ẹsẹ 60, dárúkọ, ọmọ tí ó sì lọ́rọ̀ kò lè fi sàkáà bọ́ òbí rẹ̀. Ojúṣe rẹ̀ ni bíbọ́ wọn ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò lè fi owó ẹlòmíràn san gbèsè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tí kò ní ọmọ, tàbí aládùúgbò tí ó jẹ́ aláìní, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí sàkáà rẹ, ti ẹbí sì ní láàdá méjì, ti sàdáká àti ti okùn ẹbí. Ẹgbẹ́ wa ń kó owó jọ fún ìpàgọ́ lọ́dọọdún. Mo ń rò ó bóyá kò yẹ kí á ní àpò kékeré kan fún oògùn àwọn arúgbó àdúgbò.

Òfin ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì ní àjọ tirẹ̀ fún èyí. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù orúkọ adójútòfò. Ẹ lọ bi àwọn onímọ̀, kí ẹ sì bi àjọ náà bóyá oògùn òbí yín wà lára èyí tí wọ́n ń san, kí àìsàn tó dé.

Màámi àti èmi padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Mo gbé agolo náà dání. Wọ́n tijú, wọn kò gbójú sókè. Dókítà kò bínú. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, ó sì dá oògùn náà padà sí iye ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lò ó lójoojúmọ́ kí á tó mọ ohun tí ó kàn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀rá ti wálẹ̀. Oògùn tí a ti sọ di ìlọ́po méjì kò nílò ìlọ́po méjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé àjákọ kan wà nílé wa báyìí tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kọ orúkọ sí, oṣù kan fún ẹnì kan. Màámi ní kí á fi orúkọ àwọn ṣe ìkarùn-ún, pé àdìrẹ ṣì ń tà. A jiyàn, a sì gbà.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún arábìnrin wa. Ó ní àwọn márùn-ún ni bàbá àwọn bí, pé méjì nínú wọn wà ní Èkó tí wọn kò mọ̀ pé bàbá ń gé oògùn. Ó ti pè wọ́n. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni pé bàbá náà ní òun kò lè dúró níwájú ọmọdé dókítà kí òun jẹ́wọ́ pé òun parọ́. Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ ni èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wa yóò bá a lọ, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.